ẸSẸ̀ TÍ Ń DUN SÓJÀ ÀTIJỌ́, ÀTI Ẹ̀TỌ́ RẸ̀ LÁTI PE ẸJỌ́ KÒ-TẸ́-MI-LỌ́RÙN

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Kàdúná)



Láti ọdún 1913 ni Kàdúná ti jẹ́ ìlú sójà, àwọn tí ó fẹ̀yìn tì kò sì ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Ẹsẹ̀ ń dà púpọ̀ nínú wọn láàmú. A máa jó wọn bí iná lóru, a sì máa kú tipiri, bẹ́ẹ̀ ni kò sí egbò tí a lè fi ojú rí.

Níbẹ̀ ni ìjọ̀ngbọ̀n wà. Nígbà tí ìbọn fọ́ egungun itan Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ní Bọ́mà ní oṣù kẹta ọdún 1944, ojú rí i. Ṣùgbọ́n iṣan tí ó bàjẹ́ lábẹ́ awọ kò lè jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Bí ìwé bá sọ pé “ẹsẹ̀ ń dùn ún” nìkan, ìdá kékeré ni ìgbìmọ̀ dókítà yóò kọ fún un, owó kékeré ni yóò sì tẹ̀lé e.

Ẹ wo Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ wa kan ti wọ iṣẹ́ ológun. Bí iṣan ńlá tí ó ti ìbàdí wọ ẹsẹ̀ bá bàjẹ́ díẹ̀, ìdá 10 nínú 100 ni wọn ń kọ. Bí ó bá le gan-an, 60. Bí ẹsẹ̀ bá rọ pátápátá, 80. Ohun tí dókítà kọ sílẹ̀ ni ó ń pààlà. Ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn sì ní ọdún kan láti pe ẹjọ́. Ní Ìlú Ọba, láti ọdún 1943 ni òfin ti dá ilé ẹjọ́ pẹ́ńṣọ̀n sílẹ̀ fún àwọn sójà. Nítorí náà, pípe ẹjọ́ kì í ṣe àfojúdi sí ìjọba.

Kí ni kí bàbá wa ṣe? Èkíní, kí ó fi ìwé béèrè ìdí tí a fi fún un ní ìdá náà. Èkejì, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ológun 44 tàbí ibòmíràn, kí dókítà kọ bí agbára ẹsẹ̀ ti kù tó, àti ibi tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́. Kí wọn yẹ àtọ̀gbẹ wò pẹ̀lú, nítorí òun náà a máa ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ó wá ìwé ọjọ́ tí ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àti ẹ̀rí ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ìyàwó tàbí ọmọ kọ ohun tí wọ́n ń rí nílé: pé bàbá kò lè gun àtẹ̀gùn, pé kò lè sùn mọ́jú.

Kí ó tó fi ìwé ránṣẹ́ sí Military Pensions Board ní Àbújá, kí ó tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá wọn kọ ọ́, ẹ sì bá wọn lọ. Ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tí ó jà fún wa kú sínú ìdákẹ́jẹ́.