Ìyàtọ̀ Ohùn Ẹnu Láàrin Àwa Ọmọ Yorùbá: Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìkìrun



Ẹ rántí ohun tí ó dé bá àwọn ará Efuraimu ní ìwọdò Jọdani, gẹ́gẹ́ bí Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí kejìlá, ti wí. Àwọn ará Gileadi ní kí wọ́n pe "Ṣiboleti". Ẹnu wọn kò gbà á, "Siboleti" ni wọ́n ń pè. 42,000 ni ó ṣubú nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà Ìbàdàn ni í máa fi s pe ṣ: "isu" ni iṣu lẹ́nu wọn. Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì a sì máa pe ilé ní "ulé". Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ọdún 1878, ogun Ìbàdàn pàdé ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Ìkìrun yìí. Odò Ọ̀tìn gbé púpọ̀ lọ nínú àwọn tí ń sá, ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Lónìí, ọmọ-ọmọ "isu" àti ọmọ-ọmọ "ulé" ń jókòó lórí àga kan náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Síbẹ̀ a kò tí ì dẹ́kun ẹ̀fẹ̀. Nínú ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ, bàbá àgbà kan ń ka ẹ̀kọ́ kejì. Ó pe ẹ̀ṣẹ̀ ní "ẹ̀sẹ̀", àwọn ọ̀dọ́ sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò ka ẹ̀kọ́ náà parí. Láti ọjọ́ náà, kò gòkè lọ kàwé mọ́.

Ṣé àwa nìkan ni? Ní Madrid, ará Spéènì a máa ti ahọ́n bọ àárín eyín láti pe "caza", èyí tí í ṣe ọdẹ, kí ó má ba à dún bí "casa", èyí tí í ṣe ilé. Ní Kúbà, ọ̀kan náà ni méjèèjì ń dún, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé. Níbẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí a kó àwọn ará wa lẹ́rú lọ, Spéènì kò ní lẹ́tà fún ṣ. "Ochún" ni wọ́n ń kọ orúkọ Ọ̀ṣun tiwa yìí.

Bíbélì wa, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, fi àmì sí abẹ́ ṣ. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ojú ni a fi ń rí àmì náà. Ṣùgbọ́n ohun tí etí fi ń mọ̀ ọ̀rọ̀ jù ni ìró òkè àti ìró ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó pe "ẹ̀sẹ̀" ti gbé ohùn rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ, kò sì sí ẹni tí ó ṣì í gbọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń kọ́ àwọn òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí ó máa kà lọ. Èyí tí ó pè é ní "ẹsẹ̀" ni kí ẹ dá dúró, nítorí ẹsẹ̀ wa ni ó ní kí a wá jẹ́wọ́ níwájú Ọlọ́run.