Kí Ló Ń Jẹ Epo Ọkọ̀ Wa?
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé àwọn awakọ̀



Ẹ ti gbọ́ pé mẹ́ta nínú wa gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá. Wọ́n ní ọkọ̀ ń jẹ epo ju ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lọ, pé àwa la ń fà á tà, àti pé àwọn yóò yọ ọ́ nínú owó oṣù. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí ọ̀gá tí kì í ṣọ́ lítà kọ̀ọ̀kan. A kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ìjà wa ni pé wọ́n pè wá lólè kí wọ́n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa. Àwọn kan wà tí ń fi rọ́bà fa epo. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, ẹgbẹ́ kò ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń di wọ̀bìà bí ó bá ti ń gbó.

Ẹ wo táyà. Bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò bá pé, á tẹ́ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa fi agbára wọ́ ọ. Bíréèkì tó há ńkọ́? Ó dà bí kí ènìyàn máa rìn kí ẹnì kan máa fà á láṣọ lẹ́yìn. Púlọ́ọ̀gì tó ti jẹ kì í jó epo tán. Ríìngì písítìnnì tó gbó ń jẹ́ kí agbára jò. Fílítà afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí ń fa epo gan-an nínú ọkọ̀ àtijọ́ tó ní kábúrétọ̀. Nínú ti ìsinsìnyí, agbára ọkọ̀ ló sábà máa ń dín kù.

Èyí tó dùn wá jù ni ti tẹ́mósítáàtì. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Irọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè máà gbóná tó, pàápàá lójú ọ̀nà márosẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná sí i láàárọ̀ ni, á sì máa da epo sí i. Nínú ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ìwé yìí, méjì ni kò ní in, gáréèjì ilé-iṣẹ́ gan-an ni wọ́n sì ti yọ ọ́!

Gósílò tún wà. Ẹ́ńjìnnì ń mu epo, kìlómítà kò kúrò lójú kan.

Ohun tí a ní kí àwọn ọ̀gá ṣe nìyí. Kí wọ́n rọ epo kún táǹkì ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí awakọ̀ àti aṣojú wọn jọ wọ̀ ọ́ lọ sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n tún rọ ọ́ kún nídìí páǹpù kan náà. Bí 30 lítà bá gbé e rin 240 kìlómítà, 8 kìlómítà ni lítà kan. Kí wọ́n tún ọkọ̀ ṣe, kí wọ́n tún un wọ̀n.

Títí dìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n yọ owó òun. Ẹ máa kọ kìlómítà àti lítà sínú ìwé ọkọ̀ lójoojúmọ́, ẹ kọ gósílò náà pẹ̀lú. Ẹni tí ìwé kíkọ bá ṣòro fún, kó wá bá wa lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, a óò jọ kọ ọ́.