Fèrèsé Lórí Òrùlé: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Onílé Rò Kí Ó Tó Pe Káfíńtà

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ fèrèsé tí à ń dá sí orí òrùlé kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀run lè wọlé. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rí ní ilé aládùúgbò lónìí kí ó sì ránṣẹ́ pe káfíńtà lọ́la. Ilé tí a fẹ́ dá a sí ni a ó kọ́kọ́ wò: ibi tí òkùnkùn wà nínú rẹ̀, ọ̀nà tí oòrùn ń gbà kọjá lórí rẹ̀, ìhà tí òjò ti ń lù ú, àti irú òrùlé tí ó bò ó.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni ó wà ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì la àárín wọn kọjá. Ìta ni fèrèsé àwọn yàrá náà kọjú sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní ju ẹnu ọ̀nà iwájú àti ti ẹ̀yìn lọ. Bí onílé kọ̀ọ̀kan bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, òkùnkùn ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan kò yàtọ̀ sí ti òru. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá sì lọ, àtùpà ni a ń tàn kí a tó rí bàtà. Ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń fi ẹsẹ̀ kọ ìkòkò gbígbóná. Ibẹ̀ ni àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì ti ń ṣubú. Ẹni tí ó bá ń wá ìmọ́lẹ̀ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe afẹ́ ni ó ń wá.

Àwọn kan kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní ìwà òmùgọ̀ ni kí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ lu òrùlé tí kò jò. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi, nítorí pé ilé tí a ti ṣe iṣẹ́ yìí ní ìṣekúṣe kì í pẹ́ jò. Síbẹ̀, àwọn baba ńlá Yorùbá kò bẹ̀rù àti ṣí òrùlé sílẹ̀. Ní agbo ilé àtijọ́, òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àkòdì a máa dà sí àárín, àgbàlá tí ó wà níbẹ̀ a sì ṣí sí ojú ọ̀run. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń gbà wọlé. Omi òjò a máa dà sínú àwọn ìkòkò àti àmù tí a gbé kalẹ̀ dè é. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù a gba ojúṣàn tí a là sí abẹ́ ògiri jáde síta. Ẹni tí ó ṣí òrùlé náà ti pèsè ọ̀nà fún omi kí òjò tó rọ̀. Nígbà tí ilé onípáànù alọ́dẹ̀dẹ̀ gígùn gba ipò àkòdì, a dí ojú ọ̀run náà pa, ìmọ́lẹ̀ sì bá a lọ. Ohun tí ó yẹ kí a mú padà nínú ọgbọ́n àtijọ́ kì í ṣe ihò nìkan, bí kò ṣe ètò tí ó bá ihò náà rìn.

Ohun àkọ́kọ́ nínú ètò náà ni oòrùn. Ní ilẹ̀ olótùútù bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oòrùn wọ́n nígbà òtútù, ìhà gúúsù ni wọ́n sì máa ń kọjú sí láti wá a. Bí a bá gbé ìmọ̀ràn ilẹ̀ wọn wá sí Èkó láìyí i padà, inú ilé yóò di ààrò. Ní Èkó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán máa ń dúró gangan sí àtàrí: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Láàárín àkókò méjèèjì yìí, ìhà àríwá ni ó máa ń wà lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìgbà òjò ni, ìkùukùu sì sábà máa ń bò ó lójú. Lẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án títí di òpin oṣù Kẹta, ìhà gúúsù ni ó máa ń wà, àkókò yìí sì ni ẹ̀ẹ̀rùn máa ń mú jù. Nítorí náà, apá òrùlé tí ó da ojú kọ àríwá ni ó dára jù fún fèrèsé yìí. Ìmọ́lẹ̀ yóò wọlé, ìtànṣán tí ó ń jóni yóò sì dín kù. Apá ìwọ̀-oòrùn ni ó burú jù, nítorí ooru ìrọ̀lẹ́.

Ohun kejì ni òjò. Láti ìhà òkun, ní gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn, ni atẹ́gùn òjò sábà ti ń fẹ́ wá, èyí tún jẹ́ àǹfààní fún apá àríwá. Ṣùgbọ́n ìjì tí ó máa ń jà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin ìgbà òjò, ìlà-oòrùn ni ó ti ń bọ̀. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí ó bá rí ni ó ń pa. Ìhà yòówù tí a bá yàn, ọ̀nà omi ni olórí iṣẹ́. Kí a gbé férémù fèrèsé náà sókè ju páànù lọ, nǹkan bí íǹṣì 6. Kí páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi yí etí rẹ̀ ká wọ abẹ́ páànù òkè, kí ó sì gun orí páànù ìsàlẹ̀, bí ìpẹ́ ẹja ti ń gun ara wọn. Orí gegele páànù ni a ń kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà ṣàn. Káfíńtà tí ó bá ní ọ̀dà nìkan ni òun yóò fi dí gbogbo rẹ̀ kò tí ì ṣe iṣẹ́: oòrùn yóò sán ọ̀dà náà bí ó bá yá.

Ohun kẹta ni ìwọ̀n. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìlànà tí àwọn akọ́lé ń tẹ̀ lé ni pé kí fèrèsé òrùlé má ju ìdá 5 nínú 100 ilẹ̀ yàrá lọ níbi tí fèrèsé bá pọ̀, kí ó má sì ju ìdá 15 lọ níbi tí fèrèsé kò bá tó nǹkan. Ní ilẹ̀ olóoru, ẹ jẹ́ kí a fara mọ́ èyí tí ó kéré. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2½ tó o. Bí àjà bá wà, a ó fi pákó kan àpótí láti òrùlé dé àjà, a ó fẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ju òkè lọ, a ó sì kun inú rẹ̀ ní ọ̀dà funfun kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn ká.

Ohun kẹrin ni ẹ̀mí ènìyàn. Kí káfíńtà kọ́kọ́ gun inú àjà láti wo àwọn igi tí ó gbé òrùlé ró. Àárín wọn ni kí fèrèsé bọ́ sí, kí ó má gé ọ̀kankan. Bí òrùlé bá jẹ́ ti asbestos àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ayùn kàn án, nítorí eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àrùn rẹ̀ sì lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gíláàsì lásán léwu ní òkè orí. Èyí tí a lẹ méjì pọ̀, tí kì í já sílẹ̀ bí ó bá fọ́, ni ó yẹ. Páànù oníke tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá kò wọ́n tó gíláàsì, ṣùgbọ́n oòrùn a máa sọ ọ́ di pípọ́n àti aláìlágbára. Ènìyàn kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láéláé, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ti gba ibẹ̀ já bọ́ kú. Kí a má sì gbàgbé irin tí yóò dá olè dúró.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó èyí kò yẹ kí ó sọ ìrètí nù. Ní ọdún 2002, ní ìlú Uberaba ní ilẹ̀ Bràsíìlì, mẹkáníìkì kan tí ń jẹ́ Alfredo Moser rọ omi kún ìgò oníke lítà 2, ó fi bílíìṣì díẹ̀ sí i kí omi náà má baà hu èéhọ̀, ó sì kì í bọ òrùlé, ìdajì lókè, ìdajì nísàlẹ̀. Omi náà ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká inú yàrá bíi gílóòbù iná tí agbára rẹ̀ tó wáàtì 40 sí 60. Ọgbọ́n yìí ti tàn dé ilẹ̀ Philippines àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Kò wúlò lóru, etí ihò rẹ̀ sì ń fẹ́ àmójútó bíi ti fèrèsé ńlá.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Nínú ilé ẹbí, ẹni kan kì í dá òrùlé lu. Omi tí ó bá gba ojú fèrèsé ọmọ ìyá kan wọlé lè ṣàn gba orí àjà lọ kán sórí ibùsùn èkejì, ìjà tí ó bá sì tibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ lè pẹ́ ju òjò lọ. Kí a pe ìpàdé, kí a fi ohùn ṣọ̀kan lórí iye tí olúkúlùkù yóò dá àti ẹni tí yóò máa gun òkè lọ́dọọdún láti nu eruku ọyẹ́ kúrò, kí ó sì yẹ etí rẹ̀ wò.

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní ni kí a ṣe iṣẹ́ náà. Bí ó bá parí, kí a bu omi garawa mélòó kan lé e lórí, kí ẹnìkan sì dúró nísàlẹ̀ máa wòkè. Bí ó bá jò, kí a tún un ṣe nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Bí kò bá jò, kí á san owó káfíńtà pé.