Obìnrin Mùsùlùmí àti Ẹ̀kọ́ Nípa Ipò Tọkùnrin-Tobìnrin

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi gègé kọ́ ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, bí ọmọbìnrin bá gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, tí ó wá ní òun fẹ́ gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ nípa ipò tọkùnrin-tobìnrin láwùjọ, ẹ̀rù a máa ba àwọn òbí. Baba a ní ẹ̀kọ́ tí ń sọ obìnrin di ọlọ̀tẹ̀ ni. Ìyá a béèrè ẹni tí yóò fẹ́ ẹ. Ìfẹ́ ni ó bí ìbẹ̀rù yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ náà gbà pé ẹ̀sìn ni ó so obìnrin mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá wọn lóhùn bí ẹni tí ó mọ ẹ̀sìn bá sá? Yorùbá ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ opó. Nínú àṣà Yorùbá àtijọ́, aya kì í jogún ọkọ; àwọn ẹbí ọkọ ni wọ́n ń ṣú u lópó. Ṣùgbọ́n nínú Sūratun-Nisā', āyah 12 fún opó ní ìdá kan nínú mẹ́rin bí ọkọ kò bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ó bá ní. Āyah 19 sì kọ̀ kí á jogún obìnrin ní tipátipá. Síbẹ̀, bí Mùsùlùmí bá fi ìyà jẹ opó, Ìsìláàmù ni ayé ń dá lẹ́bi. Ẹni tí ó bá mọ àṣà, tí ó sì mọ sharíà, ni ó lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ní 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tẹ ìwé The Invention of Women jáde. Ó tọ́ka sí i pé “ẹ̀gbọ́n” àti “àbúrò” kò sọ ẹni tí ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ó sì fi èyí ta ko àwọn tí ń fi ojú Òyìnbó wo Yorùbá. Bí èdè bá lè dáhùn báyìí, mélòómélòó ni Al-Kùránì!

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tún àníyàn rẹ̀ ṣe. Kí ó kọ́ èdè Lárúbáwá àti tafsīr pọ̀ mọ́ ìwé rẹ̀. Kí ó má gbé gbogbo ohun tí olùkọ́ bá sọ mì, kí ó má sì pọ òótọ́ dànù. Kí òbí àti jàmáà sì ràn án lọ́wọ́. Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tí ó kú ní 1864, kó àwọn obìnrin jọ ní ilẹ̀ Sókótó láti kọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn. Baba rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́ ìmọ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọbìnrin ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní. Āmīn.