Ibi tí Ẹsẹ̀ Oníbàárà Dé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba ní Bridge Head, Onitsha

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ti ń ná ọjà létí Odò Ọya kí a tó bí púpọ̀ nínú àwa tí a ń sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ yín, àti ẹ̀yin onílé wa, ọmọ Onitsha, tí ẹ fi sùúrù jókòó tì wá, mo júbà yín kí n tó lanu. Kì í ṣe òní ni ọmọ Yorùbá ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté yìí: ní ọdún 1857 ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn, bá ọkọ̀ ojú omi dé ìhín, tí wọ́n sì fi ajíhìnrere tí ń jẹ́ Taylor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Igbo, sílẹ̀ láti dá ìjọ sílẹ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n parí afárá tí ibí yìí ti gba orúkọ. Ogun já a ní 1967, àlàáfíà sì tún un so. Láti ìgbà náà, díẹ̀ ni ohun tí ọmọ ènìyàn ń lò, láti orí abẹ́rẹ́ títí dé orí ẹ̀rọ ọkọ̀, tí kò tí ì gba orí rẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n òògùn ni òkìkí Bridge Head. Ogbo Ogwu, ọjà òògùn ibẹ̀, ni àwọn tí ń ta òògùn ní ìlú mìíràn ti ń wá rà á ní páálí-páálí, tí aláìsàn pẹ̀lú sì ń wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè ohun tí dókítà kọ fún un. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2025 ni NAFDAC ti ọjà náà pa, pọ̀ mọ́ Ìdúmọ̀tà ní Èkó àti Ariaria ní Aba, nítorí ayédèrú òògùn. Kì í ṣe ẹjọ́ ìyẹn ni mo wá dá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé gbangba ni àwọn tí ó wá yẹ ṣọ́ọ̀bù wò nígbà náà gbà wá, gbogbo ayé sì mọ ẹni tí ó rán wọn. Olùyẹ̀wò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò ní aṣọ iṣẹ́, kò kan ilẹ̀kùn, àpò ẹni tí ó ń ṣọ́ ni ó sì ń gbé.

Bí fóònù ṣe ń mọ ibi tí olówó rẹ̀ wà kò ṣòro láti sọ. Àwọn sátẹ́láìtì ń fọhùn láti òfuurufú, fóònù sì ń fi ohùn mẹ́rin nínú wọn, ó kéré tán, ṣe ìṣirò ibi tí ó dúró. Òpó ilé-iṣẹ́ fóònù ń gbọ́ ọ. Wi-Fi inú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ń gbọ́ ọ. Èyí tí ó kéré jù tí ó sì gbọ́n jù ni ẹ̀rọ bíńtín tí wọ́n ń pè ní beacon, tí Apple sọ di gbajúmọ̀ ní ọdún 2013, tí àwọn ilé ìtajà oúnjẹ ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ẹnikẹ́ni. Àmì tirẹ̀ nìkan ni ó ń ké láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ nípa Bluetooth, igbe rẹ̀ kì í sì í jìnnà. Áàpù inú fóònù ni ó ń gbọ́ igbe náà, tí ó sì ń ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ pé obìnrin báyìí ti dé ìdí wàrà, ó ti dúró níwájú ọṣẹ, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ níbi oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Kí obìnrin náà tó gbé ẹsẹ̀ kejì, fóònù rẹ̀ á dún: ẹdínwó wà lórí oúnjẹ ọmọ ọwọ́ lónìí.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2024, àjọ FTC tí ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ InMarket lórí irú ìtọpa ẹsẹ̀ oníbàárà báyìí. Áàpù méjì ni ilé-iṣẹ́ yìí ní: CheckPoints, tí ń fún ènìyàn ní ẹ̀bùn lórí ọjà rírà, àti ListEase, níbi tí ìyá ilé ti ń kọ ohun tí yóò rà sílẹ̀ kí ó má baà gbàgbé. Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́: ìwé ìrántí ọjà ni ó di amí! Kò tó wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún rọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sínú áàpù àwọn ẹlòmíràn tí ó lé ní 300. Àjọ náà ní ọdún 5 ni wọ́n fi ń pa ìrìn ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn mọ́, tí wọ́n sì fi ìrìn náà pín wọn sí ìsọ̀rí tí ó tó 2,000: àwọn òbí ọmọ kékeré, àwọn tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn olówó tí ara wọn kò le. Àjọ náà sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti tún ta irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn olówó tí ara wọn kò le: ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan Bridge Head. Ẹni tí ó dúró níwájú búrẹ́dì, búrẹ́dì ni ó fẹ́ jẹ, ìtìjú kankan kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ní ìparí oṣù, bí oṣù ti ń lé, sí ṣọ́ọ̀bù kan náà tí ń ta òògùn àtọ̀gbẹ, kò tí ì lanu tí àìsàn rẹ̀ ti di mímọ̀. Bó ti wù kí ènìyàn mọ̀ ọ́n rìn tó, orí yóò mì. Kò sì dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá lẹ beacon mọ́ pẹpẹ wa, nítorí àwa fúnra wa ti bá wọn ṣe iṣẹ́ náà tán: oníṣòwò ti kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ohun tí ó ń tà sórí máàpù Google kí oníbàárà lè rí i, oníbàárà sì ti gba áàpù eré orí fóònù rẹ̀ láàyè láti máa mọ ibi tí ó wà tọ̀sán-tòru. Ẹni tí ó bá gbé méjèèjì lé ara wọn ti rí ohun tí ó ń wá. Irú èyí ni FTC tìtorí rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ Kochava lẹ́jọ́ ní ọdún 2022, pé ìmọ̀ tí ó ń tà lè tọ́ka sí ẹni tí ó wọ ilé ìwòsàn.

Àwọn kan yóò wí pé kí ni tuntun níbẹ̀, ṣebí ìyá tí ń ta àgbo ní Ọjàaba mọ gbogbo ẹni tí jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ lẹ́nu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìyá alágbo ti mọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà mọ̀ ọ́n. O mọ ìsọ̀ rẹ̀, o mọ ọmọ rẹ̀, bí ó bá sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ kiri, o mọ ààfin ìyálọ́jà tí o lè pè é lẹ́jọ́ sí. Ta ni ìyálọ́jà àwọn tí ń ta ìrìn ẹsẹ̀ wa?

Nígbà tí a bá ń ráhùn, àtẹ̀jíṣẹ́ ni a ń ráhùn sí, pé ìpolówó pọ̀ jù, a kò sì rí orun sùn. Láti ọdún 2016 ni àjọ NCC, tí ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti là á sílẹ̀ pé ẹni tí ó bá fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 yóò bọ́ nínú rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ariwo ni ìyẹn ń pa lẹ́nu mọ́. Kò pa ojú tí ń wò ọ́ dé. Ní tèmi, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó dún sàn ju àkọsílẹ̀ tí kò dún lọ, nítorí èyí tí ó dún ti jẹ́ kí o mọ̀ pé ẹnìkan ń bẹ lẹ́yìn rẹ.

A kò ṣàìní òfin. Abala 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí fóònù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ìmọ̀ nípa ara ẹni, tí ó sọ Nigeria Data Protection Commission di alágbára. Àjọ yìí náà ni ó bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 32.8 dọ́là lé Meta ní ọdún 2025. Òfin náà ka ibi tí ènìyàn wà mọ́ ohun tí a fi ń dá a mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera ni ó sì fi sí ipò tí ìṣọ́ rẹ̀ le jù. Àlàfo tí mo rí wà láàárín méjèèjì: ní ọjà òògùn, ibi tí ènìyàn dúró ti di ọ̀rọ̀ ìlera rẹ̀, ó sì yẹ kí àjọ náà kà á bẹ́ẹ̀ láìfi ti orúkọ tí oníṣòwò bá pè é ṣe.

Àwọn ọ̀dọ́ á bi mí pé kí ni ṣíṣe. Ẹ wọ ibi ètò fóònù yín, ẹ wo áàpù tí ẹ gbà láàyè láti mọ ibi tí ẹ wà, kí ẹ fi àṣẹ náà mọ sí ìgbà tí ẹ bá ń lò ó nìkan. Android ti fàyè gba èyí láti ọdún 2019, iPhone sì ti ń béèrè láti ọdún 2021 kí áàpù tó lè máa tọpa yín láti áàpù kan dé òmíràn. Oníṣòwò tí ẹnìkan bá sì gbé áàpù ẹdínwó wá bá, kí ó béèrè ibi tí ìmọ̀ nípa àwọn oníbàárà rẹ̀ ń lọ kí ó tó gbà á. Ti òpó fóònù nìkan ni kò sí lọ́wọ́ wa, nítorí ìpè kò lè wọlé bí òpó kò bá mọ ibi tí fóònù wà. Ibẹ̀ ni ó kù sọ́wọ́ àjọ ìdáàbòbò ìmọ̀ nípa ara ẹni tí ó wà ní Àbújá láti bi àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní ohun tí wọ́n ń fi ìmọ̀ náà ṣe, ẹni tí wọ́n ń tà á fún, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń pa á mọ́.