Bí Wọ́n Ṣe Ń Jí Ayùn Àtijọ́ Dìde

Ìtàn tí a gbé wá lálẹ́ òní dá lé ẹ̀rọ kan tí ọ̀pọ̀ wa mọ ìró rẹ̀: ayùn oníṣéènì tí àwọn agégẹdú ń gbé wọ igbó. Bó bá ti ké lókè odò, ará ìsàlẹ̀ odò ti mọ̀ pé igi ńlá kan fẹ́ wó. Àmọ́ kì í ṣe inú igbó la ó ti bẹ̀rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ni, lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn ayùn àtijọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ní Kánádà, ní Jámánì àti ní Sweden, àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣa àwọn ayùn tí ọjọ́ ti lọ lórí wọn jọ. Wọ́n ń tún wọn ṣe, wọ́n sì máa ń pàdé lórí pápá. Wọ́n á to ìtì igi kalẹ̀, kálukú á tan ẹ̀rọ tirẹ̀, wọ́n á gégi, wọ́n á sì ṣe pàṣípààrọ̀ èyíkéyìí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí ẹnìkan ní tí ẹnìkejì kò ní. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò ni pé ìmúrasílẹ̀ fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ń sọ ìtàn ẹ̀rọ yìí fún wa. Gbogbo nọ́ọ̀tì tí wọ́n bá tú ló ń fi ìnira kan hàn tí agégi ìgbà kan fara dà.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí ìwúwo. Lọ́dún 1926, ní ìlú Stuttgart lórílẹ̀-èdè Jámánì, Andreas Stihl ṣe ayùn oníṣéènì tó ń lo iná mànàmáná. Ènìyàn méjì ló ń gbé e. Níbi tí kò sí iná, kò wúlò. Lọ́dún 1927, Emil Lerp gbé ayùn tó ń lo bẹntiróòlù lọ dán wò lórí òkè Dolmar ní agbègbè Thuringia, ó sì fi orúkọ òkè náà pe ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ayùn ọ̀hún wọn kílò 58. Àpò sìmẹ́ǹtì kan kò tó bẹ́ẹ̀! Ẹ wá ro ti ẹni tó gbé ohun tó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ, tó ń gbọ̀n, tó ń tú èéfín, tí ṣéènì mímú sì ń sáré lára rẹ̀, tó fi ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́, ayùn Jámánì kò lè dé Amẹ́ríkà mọ́. Ilé iṣẹ́ Disston ní Philadelphia, tó ti ń ṣe ayùn ọlọ́wọ́ tipẹ́, wá lo ẹ́ńjìnnì tí Carl Kiekhaefer ṣe ní Wisconsin, wọ́n sì ṣe ayùn ọlọ́kùnrin méjì fún àwọn ọmọ ogun. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ lọ sí ìpàdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ẹnìkejì tí yóò bá a dì í mú.

Lẹ́yìn ìwúwo, ó kan kabúrétọ̀ tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo. Bẹntiróòlù tó ti pẹ́ nínú tánkì á ki, á sì dí àwọn ihò tíntìntín. Wọ́n á tú u, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Nínú àwọn ayùn tó dàgbà jù, ohun kan ń léfòó nínú epo kabúrétọ̀ láti díwọ̀n epo tó ń wọlé. Bí wọ́n bá dojú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ délẹ̀, á kú. Nítorí náà, bí agégi bá ti fi ayùn gé ìdí igi tó dúró, tó wá fẹ́ gé ìtì tó ti ṣubú sí wẹ́wẹ́, irin tó gbé ṣéènì ló máa yí, ẹ́ńjìnnì á wà lóòró. Ìgbà tí wọ́n fi rọ́bà pẹlẹbẹ kan rọ́pò ohun tó ń léfòó yẹn ni ayùn tó ṣe é dà síhìn-ín dà sọ́hùn-ún. Rọ́bà yìí ló kọ́kọ́ máa ń gan bí ayùn bá pẹ́ nílẹ̀, òun náà sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ìwúwo náà wá dínkù. Lọ́dún 1949, ilé iṣẹ́ McCulloch ní California gbé ayùn 3-25 jáde. Ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 11 lọ, ènìyàn kan ṣoṣo sì lè lò ó. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Stihl gbé Contra jáde, kílò 12, agbára ẹṣin mẹ́fà. Èyí tí ọkùnrin méjì ń mí hẹlẹhẹlẹ gbé tẹ́lẹ̀ ti di ti ẹnìkan.

Ṣéènì náà ní ìtàn tirẹ̀. Lọ́dún 1946, agégi kan ní Oregon, Joseph Cox, ń la igi ìdáná nígbà tó rí ìdin kan tó ń jẹ igi lọ, sósì, sọ́tùn-ún, láìbìkítà bí igi náà ṣe le tó. Cox ṣe eyín ṣéènì tó ń gé igi bí ẹnu ìdin yẹn ti ń ṣe é. Lọ́dún 1947, ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Portland. Eyín tí wọ́n ń fi fáìlì róbótó pọ́n lónìí, ọmọ ìran eyín Cox ni.

Ìnira kan ṣì kù tí wọn kì í tún ṣe, torí bí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà nìyẹn: gbígbọ̀n rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ agégi kú, ìka wọn funfun nígbà òtútù, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò rìn débẹ̀ dáadáa mọ́. Ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi rọ́bà ya ọwọ́ tí wọ́n fi ń di ayùn mú kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá fi ayùn àtijọ́ gégi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí pápá á mọ ohun tí agégi àtijọ́ ń fara dà lójúmọ́.

Bí gbogbo èyí bá parí tán, ọkọ̀ ló kù. Ẹrù irin yìí kò ṣe é gbé wọ mọ́tò kékeré tán, pikọ́ọ̀pù tó sì ń gbé e sábà máa ń jẹ́ arúgbó bíi ti ayùn. Ìpàdé ku ọ̀la, gíà á kọ̀, tàbí kí omi máa jò lábẹ́ rédíétọ̀. Ẹni tó ń fọ púlọ́ọ̀gì ayùn á wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Bí kò bá ṣe é ṣe, á pe ọ̀rẹ́ tó ní tírélà kékeré, wọ́n á pín ẹrù, wọ́n á yan èyí tó lè lọ, wọ́n á sì fa epo inú tánkì ayùn dànù kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ tí ènìyàn ń jókòó sí.

Ìdààmú ọkọ̀ yìí gan-an wà nínú ìtàn. Màlúù, ẹ̀rọ tó ń lo ooru omi gbígbóná àti rélùwéè ló ń wọ́ igi ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ọkọ̀ akẹ́rù ń pọ̀ sí i, ó sì ń dé ibi tí rélùwéè kò lè dé. Ayùn ń gé kíákíá, ọkọ̀ ń kó kíákíá. Ọ̀kan kò wúlò láìsí èkejì.

Àwa náà mọ èyí. Nínú igbó Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, àwọn bàbá wa fi ayùn ọlọ́wọ́ la gẹdú, ẹnìkan lókè, ẹnìkan nínú kòtò. Ayùn oníṣéènì dé, agbégilódò dé. Bí agbégilódò bá rì sínú ẹrẹ̀ lákòókò òjò, igi tí wọ́n gé ń bẹ nílẹ̀ ni.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, àgbà agégẹdú wà ládùúgbò yín. Ẹ lọ bi í léèrè irú ẹ̀rọ tó lò, bó ṣe ń tàn án, ohun tó ṣe sí ọwọ́ àti etí rẹ̀. Bí ayùn ọ̀hún bá wà lẹ́yìnkùlé, ẹ má jẹ́ kó tà á fún onípàǹtí irin kí ọmọ kan tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú kabúrétọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n tú, tó sì mọ̀ ọ́n tò, ló jogún iṣẹ́ náà.