Iná Lójú Òkun: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba fún Ará Ìdáàṣà

Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ ará Ìdáàṣà bí iná ṣe ń jó. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti gbẹ koríko ẹsẹ̀ òkè 41 tí wọ́n fi ń ki Dassa-Zoumè, àgbẹ̀ a ro etí oko rẹ̀ yíká kó tó ṣáná sí i. Irú rẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe lójú òkun bí epo rọ̀bì bá dà síbẹ̀. Àmọ́ omi kì í dúró sójú kan, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà.

Ọ̀rọ̀ epo tó ń dà sójú òkun kì í ṣe ti apẹja nìkan mọ́. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni ọkọ̀ ti ń gbé epo orílẹ̀-èdè Niger ní etíkun Sèmè-Kpodji, lẹ́yìn tó bá ti gba inú ọ̀pá tó gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà láti Agadem.

Lọ́dún 1967, ọkọ̀ Torrey Canyon forí sọ àpáta ní etí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba rán bàálù ogun láti lọ ju bọ́ǹbù sí i kí epo rẹ̀ lè jó. Iná ń ràn, iná ń kú. Epo ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì sí ohun tó kó o jọ. Epo tí kò bá nípọn tó mìlímítà méjì sí mẹ́ta kì í gbaná, torí omi tútù abẹ́ rẹ̀ ń fa ooru lọ.

Nítorí náà, ọgbà ló ṣáájú iná. Ọgbà yìí ń léfòó, aṣọ séráámíkì tàbí irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ń ṣe é. Òmíràn wà tí wọ́n ń fa omi sí lára kó má baà jóná. Ọkọ̀ méjì a di orí rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n á máa fà á wọ́ọ́rọ́wọ́ títí yóò fi tẹ̀ kọdọrọ. Bí eré wọn bá ju bíi kìlómítà kan ààbọ̀ lọ ní wákàtí kan, epo á gba abẹ́ rẹ̀ sá lọ.

Ohun ìṣáná ò tó nǹkan: dísù tí wọ́n mú ki nínú ike, pẹ̀lú iná àmì tí awakọ̀ òkun ń lò. Wọ́n á tàn án, wọ́n á jù ú sómi, wọ́n á sì fà sẹ́yìn sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀. Ẹni tó bá rántí iná epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń pè ní kpayo, tó pa ó kéré tán èèyàn 34 ní Sèmè-Kpodji lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 kò ní béèrè ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 2010, nígbà tí kànga epo tí ọkọ̀ Deepwater Horizon ń gbẹ́ bú lójú òkun Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìgbà 400 ni wọ́n dáná bẹ́ẹ̀. Òmíràn jó fún nǹkan bíi wákàtí méjìlá. Wọ́n fojú bù ú pé àgbá epo tó jóná wà láàárín 220,000 sí 310,000. Ọgbà ń gbó, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Èéfín dúdú sì ń lọ sókè.

Ọjọ́ kì í dúró de ọgbà tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Bí ìgbì bá ti po omi mọ́ epo, iná kì í fẹ́ ràn mọ́. Èyí tó bá sì jó pàápàá ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú sílẹ̀, tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà. Àfi kí wọ́n fi àwọ̀n kó o kó tó tutù, kó sì rì sísàlẹ̀ òkun.